Ojú Méjì Lára Omi Kan: Bí Mo Ṣe So Ìmọ́lẹ̀ àti Iná Pọ̀ Nínú Báyósẹ́ǹsọ̀ Glúkóòsì ní Kubwa

Iṣẹ́ tí mo parí nìyí: báyósẹ́ǹsọ̀ kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ẹ́ńsáìmù (ohun inú ẹ̀dá alààyè tó ń mú ìyípadà kẹ́míkà yára) wọn glúkóòsì inú omi. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó tún ń fi iná wọ̀n ọ́n, nínú kúfẹ́ẹ̀tì (ife kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) kan ṣoṣo, láàárín ìṣẹ́jú 6. Orí tábìlì kan ní Kubwa, létí Abuja, ni mo ti tò ó. Kò sí ẹ̀rọ láàbù olówó ńlá nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, pàápàá ibi tó ti máa ń bàjẹ́, torí ibẹ̀ ni owó àti àkókò máa ń bá lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí kí a lè ro nọ́ńbà méjì pọ̀, kí a sì pín in sí méjì, la ṣe ń wọn nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá ṣì, tí èkejì sì tọ́, tí ẹ bá pín wọn sí méjì, ìdajì àṣìṣe lẹ gbé délé. Ohun tí ojú méjì wúlò fún ni ìtakora. Omi tó dàrú ń ti ìmọ́lẹ̀ lójú, kò ṣe iná ní nǹkan kan. Omi tó ń mì ń da iná láàmú, ìmọ́lẹ̀ kò bìkítà. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ta kora, bí wọ́n ṣe ta kora yẹn ló ń sọ ibi tí ẹ ó ti wá àléébù.

Ọ̀nà pọ̀ tí wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn kan ń lo góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí gíláàsì, tí góòlù kan náà á jẹ́ dígí fún ìmọ́lẹ̀, á sì tún jẹ́ ẹlẹ́kítíróòdù, ìyẹn ohun tí iná ń gbà wọ inú omi tàbí jáde. Àwọn mìíràn ń lo gíláàsì tí wọ́n fi ITO (indium tin oxide) bò, tí iná àti ìmọ́lẹ̀ jọ ń gbà kọjá. Wọ́n dára, àmọ́ wọ́n gbówó lórí. Àwọn mítà ṣúgà tó kọ́kọ́ jáde ní nǹkan bí 1970, àwọ̀ ni wọ́n ń kà. Ní 1987 ni èyí tó ń ka kọ́rẹ́ǹtì dé ọjà, lórí ìpìlẹ̀ tí Clark àti Lyons ti fi lélẹ̀ ní 1962 nígbà tí wọ́n so ẹ́ńsáìmù mọ́ ẹlẹ́kítíróòdù. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo kó ọ̀nà àtijọ́ méjèèjì padà sábẹ́ òrùlé kan.

Ẹ́ńsáìmù méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, glucose oxidase, ń mú glúkóòsì àti ọ́síjìn inú omi, ó sì ń mú hydrogen peroxide jáde. Èkejì, peroxidase tí wọ́n ń yọ lára horseradish, tí mo máa pè ní HRP, ń fi peroxide yẹn yí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ TMB padà. TMB kò ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá ti yí, ó di búlúù bí aró. Aró yìí ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, ó sì ń gbé e mì jù lọ ní 652 nm. Agbára rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 39,000 fún móólù kan nínú lítà kan, nínú omi tó nípọn 1 cm. Àmọ́ ìdí tí mo fi yan TMB gan-an ni pé tí a bá fi káábọ́ọ̀nù tó ní fóltéèjì tó yẹ kàn án, ó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù padà, a ó sì rí kọ́rẹ́ǹtì. Aró kan náà ni ojú méjèèjì ń wò. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, torí òun náà ló máa dá wa lóró nígbà tí a bá dé orí zobo.

Àwọn ohun èlò

ESP32 kan, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí gbogbo rẹ̀, ADS1115 kan tó ń sọ fóltéèjì di nọ́ńbà, LMP91000 kan tó jẹ́ potentiostat (ẹ̀rọ tó ń di fóltéèjì ẹlẹ́kítíróòdù mú, tó sì ń ka kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀) odidi nínú ṣíìpù kan, photodiode BPW34 tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di kọ́rẹ́ǹtì, op-amp MCP6002 tó ń sọ kọ́rẹ́ǹtì yẹn di fóltéèjì, LED pupa 660 nm, LM4040 tó ń fúnni ní 2.5 V tí kì í yẹ̀, tíránsísítọ̀ 2N2222, DS18B20 fún ooru, àti kúfẹ́ẹ̀tì ike tó fẹ̀ ní 10 mm nínú. ESP32, rẹ̀sítọ̀ àti tíránsísítọ̀ kò ṣòro láti rí ní Abuja. LMP91000 ní tirẹ̀, láti Èkó ni wọ́n ti fi í sínú ọkọ̀, mo sì lọ gbà á ní gáréèjì Jabi. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti jó mọ́ pátákó. Ẹsẹ̀ 14 ni ṣíìpù náà ní, abẹ́ ikùn ni gbogbo wọn wà, irin ìjólẹ́ẹ̀dì lásán kò lè débẹ̀.

LED pupa tó wọ́pọ̀ ní ọjà máa ń wà ní àyíká 620 sí 630 nm. Ó ṣeé lò, torí pé ibi tí aró náà ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì fẹ̀ dáadáa, àmọ́ nọ́ńbà yín á kéré sí ti ẹni tó lo 660. Ẹ má fi ìwọ̀n LED kan ṣe ìṣirò fún LED mìíràn.

Ẹlẹ́kítíróòdù

Mẹ́ta la nílò: aṣiṣẹ́ (WE), níbi tí aró ti ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù; adápadà (CE), tó ń dá kọ́rẹ́ǹtì padà; àti atọ́ka (RE), tí a fi ń wọn fóltéèjì aṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà nílé iṣẹ́ lórí séráámíìkì fẹ̀ tó 10 mm, kò sì lè wọ inú kúfẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ní 10 mm. Mo wá lo léèdì pẹ́ńsùlù oníbọ́tìnnì, HB, 0.7 mm, fún aṣiṣẹ́ àti adápadà. Ilé ìtàwé ni mo ti rà á, páálí kan tó fún oṣù púpọ̀.

Mo gé léèdì aṣiṣẹ́ sí 50 mm. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì, èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná, kun ún lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jẹ́ kí ìkùn kọ̀ọ̀kan gbẹ fún ìṣẹ́jú 30. Mo fi 5 mm sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún omi, 10 mm lókè fún kílíìpù. Ibi tó ń kan omi wá jẹ́ 0.114 cm², pẹ̀lú orí rẹ̀ tó ṣe roboto. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ họ ìwé funfun díẹ̀, bí ẹni ń kọ̀wé, kí ojú rẹ̀ lè tuntun. Ìkánjú ló ń ba kútẹ́ẹ̀sì jẹ́: bí ìkùn kejì bá bọ́ sórí ìkùn tí kò tíì gbẹ, ó máa ń là, omi á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ibi tó ń kan omi á pọ̀ sí i. Kọ́rẹ́ǹtì á wá ga láìsí glúkóòsì kankan tó pọ̀ sí i. Léèdì adápadà kò nílò ìkùn. Ẹ jẹ́ kó wọ omi ní 15 mm ó kéré tán, kó lè tóbi ju aṣiṣẹ́ lọ.

Fún atọ́ka, mo lo wáyà fàdákà 0.5 mm. Fàdákà tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ sábà máa ń jẹ́ 92.5%, bàbà ló kún ìyókù, bàbà náà á sì máa yọ́ sínú omi yín. Ẹ wá 99.9%. Mo fi sáńpépà 1000 fọ̀ ọ́, mo ri 15 mm ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ inú Hypo tí a kò là fún ìṣẹ́jú 30 títí ó fi di eérú tó pọ́n bí àlùkò, mo ṣan án, mo sì fi í pamọ́ sínú omi iyọ̀ KCl (potassium chloride) 3 M nínú òkùnkùn. Àwọ̀ eérú yẹn ni sílífà kílóráìdì. Ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́, nítorí náà kò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà LED.

Ilé kúfẹ́ẹ̀tì jẹ́ ike dúdú tí a tẹ̀ jáde, ó ní ihò 4 mm méjì tó dojú kọ ara wọn, 10 mm sókè láti ìsàlẹ̀. Kúfẹ́ẹ̀tì ní ojú méjì tó mọ́ gaara àti ojú méjì tó ní ìlà. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú tó mọ́, ẹlẹ́kítíróòdù fara ti ẹ̀gbẹ́ onílà. Ìdérí kan tó ní ihò mẹ́ta ló di wọ́n mú. Ìdérí yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí léèdì bá yẹ̀ ní 2 mm wọ ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, òjìji rẹ̀ á di “glúkóòsì” tí kò sí níbì kankan.

Wáyà àti nọ́ńbà

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí gbogbo ẹni tó bá so ṣíìpù méjì yìí pọ̀ máa bá pàdé ni àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí ESP32 fi ń pe ṣíìpù kọ̀ọ̀kan lórí wáyà kan náà. LMP91000 kò ní ju 0x48 lọ. ADS1115 náà, bí ẹsẹ̀ ADDR rẹ̀ bá wà lórí GND, 0x48 ni. Ó dà bí ẹni tó pe Táíwò tí Kẹ́hìndé ń dáhùn. Ẹ so ADDR ti ADS1115 mọ́ 3.3 V, á di 0x49. Ẹ so ẹsẹ̀ MENB ti LMP91000 mọ́ GND, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dá yín lóhùn rárá.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú LMP91000, ẹ kọ́kọ́ fi 0x00 sínú àyè (register) rẹ̀ tó ń jẹ́ 0x01, torí pé títì ló máa ń wà nígbà tó bá jí. Lẹ́yìn náà, 0x1F sínú 0x10: ìyẹn ni 350 kΩ fún ìsọdipúpọ̀ àti 100 Ω fún ẹrù. 0xA3 sínú 0x11: atọ́ka fóltéèjì láti ìta, òdo àárín ní 50%, àmì ìyọkúrò, 4%. 4% nínú 2.5 V jẹ́ 100 mV, nítorí náà aṣiṣẹ́ wà ní −0.1 V sí fàdákà. Mo yan ibẹ̀ torí pé TMB tó ti yí ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù níbẹ̀ dáadáa, ọ́síjìn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ rú lórí káábọ́ọ̀nù, fítámì C náà kò sì lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlẹ́kítíróòdù. 0x12 ni ẹnu ọ̀nà: 0x00 kó sùn, 0x03 kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹlẹ́kítíróòdù mẹ́ta. Láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì, mo jẹ́ kó sùn.

Ẹsẹ̀ VREF gba 2.5 V láti ara LM4040, tí rẹ̀sítọ̀ 1 kΩ so mọ́ 3.3 V. Kò sí ibi tí mo ti lè gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò. LMP91000 lè fi iná tó ń jẹ gan-an ṣe atọ́ka, àmọ́ bí LED bá tàn, iná yẹn á rì díẹ̀, fóltéèjì ẹlẹ́kítíróòdù á rì pẹ̀lú rẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì á sì fò bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún. Ìdí kan náà ni LED fi ń jẹ láti 5 V tààrà, nípasẹ̀ 2N2222 àti rẹ̀sítọ̀ 560 Ω, ìyẹn bíi 5 mA. Kò bá ṣíìpù kankan jẹun nínú àwo kan.

BPW34 wọ MCP6002. Mo fi 1 MΩ bẹ̀rẹ̀, ó kún dé òkè lójú ẹsẹ̀. 100 kΩ pẹ̀lú kàpásítọ̀ 100 pF ló wá tọ́. Mo yí rẹ̀sítọ̀ LED díẹ̀díẹ̀ títí omi lásán fi fún mi ní 1.8 V. Kì í ṣe 2.0 V, torí pé ±2.048 V ni mo fi ADS1115 sí, tí ìgbésẹ̀ kan fi jẹ́ 62.5 µV, mo sì fẹ́ àyè díẹ̀ lókè. A0 ń ka LMP91000, A1 ń ka ìmọ́lẹ̀. Ẹ má lo ADC inú ESP32 fún èyíkéyìí nínú wọn. Kò tọ́ bí ìlà.

8 ìkà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo fi ADS1115 sí. Ó lọ́ra, àmọ́ ó ń dín ariwo 50 Hz kù. Páwà báǹkì ló ń gbé gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ṣájà tó wà lára ògiri, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fèrèsé. Ẹ kíyè sí i pé àwọn páwà báǹkì kan máa ń kú fúnra wọn bí iná tí a ń fà bá kéré jù. Bí ẹ bá ti pa Wi-Fi ESP32, ó lè ṣẹlẹ̀ ní àárín ìwọ̀n. Ilé kúfẹ́ẹ̀tì àti LMP91000 wà nínú agolo bisikíìtì tí mo so mọ́ GND. Agolo yẹn ń dí iná, ó ń dí oòrùn.

Ìdánwò kí omi tó débẹ̀

Ẹ má da kẹ́míkà olówó iyebíye sí ẹ̀rọ tí ẹ kò tíì dán wò. Mo so CE àti RE pọ̀, mo fi rẹ̀sítọ̀ 1 MΩ sáàárín wọn àti WE. −100 mV lórí 1 MΩ jẹ́ 100 nA, ìyẹn ní 350 kΩ jẹ́ 35 mV. A0 gbọ́dọ̀ kúrò ní ibi òdo rẹ̀, nǹkan bí 1.25 V, ní 35 mV, tó jẹ́ ìgbésẹ̀ 560. Bó bá jẹ́ 3.5 mV lẹ rí, ìsọdipúpọ̀ ni ẹ kọ ṣì. Bí kò bá kúrò rárá, títì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ẹ kò ṣí.

Ìdánwò kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ da bọ́fà (omi tí pH rẹ̀ kì í tètè yẹ̀) lásán sínú kúfẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ẹlẹ́kítíróòdù sí i, ẹ jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì balẹ̀, kí ẹ wá máa tan LED kí ẹ sì máa pa á. Kọ́rẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ mì. Bó bá mì, ẹ fi téèpù dúdú bo LED kí ẹ tún un ṣe. Bó bá ṣì ń mì, wáyà iná yín ni: VREF tàbí GND. Bó bá dáwọ́ dúró, ìmọ́lẹ̀ ló ń kan fàdákà; ẹ yí fàdákà padà sí igun tó jìnnà. Ìṣẹ́jú 2 ni ìdánwò yìí gbà, ó sì ń ya àléébù méjì tó jọra bí ìbejì sọ́tọ̀.

Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, mi ò ka méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ ka tirẹ̀, LED kú, iná wá ka tirẹ̀.

Kẹ́míkà

Bọ́fà pH 5.0, 200 ml: Na₂HPO₄ 0.2 M, 103 ml, tí í ṣe 28.4 g nínú lítà kan. Citric acid 0.1 M, 97 ml, tí í ṣe 21.0 g nínú lítà kan bó bá jẹ́ èyí tó ní omi nínú. KCl 1.49 g wọ inú rẹ̀, torí pé láìsí kílóráìdì tó dúró sójú kan, atọ́ka fàdákà kò ní dúró sójú kan. TMB 10 mg nínú DMSO 4.16 ml, omi kẹ́míkà tí TMB ń yọ́ sínú rẹ̀, jẹ́ 10 mM. Ẹ fi bébà fàdákà wé ìgò rẹ̀, ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Glucose oxidase 100 U/ml, HRP 10 U/ml (U ni ìwọ̀n agbára ẹ́ńsáìmù), méjèèjì nínú bọ́fà. Mo pín wọn sínú ìgò kéékèèké kí n tó fi wọ́n sí yìnyín, kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ má bàa jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ yọ́ kó tún dì lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n bá fún yín ní bọ́fà tí wọ́n ti fi sodium azide pamọ́, ẹ dá a padà. Azide ń pa HRP.

Omi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a sè, tí a gba ooru rẹ̀, tí ooru náà sì di omi padà. Omi ẹ̀rọ àti píọ̀ wọ́tà lè ní kílórìnì, kílórìnì sì ń yí TMB sí búlúù láìsí ẹ́ńsáìmù kankan. Kódà wọ́n ń fi TMB wá kílórìnì kiri. Bí kúfẹ́ẹ̀tì tí kò ní glúkóòsì bá ti di búlúù, ẹ má bá ẹ́ńsáìmù jà. Ẹ wo omi yín.

Glúkóòsì fún ìwọ̀n: ẹ̀tàn pọ̀ níbí. Ìrísí méjì ni glúkóòsì ní nínú omi, alpha àti beta. Glúkóòsì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, alpha ló kún inú rẹ̀, beta nìkan sì ni ẹ́ńsáìmù náà mọ̀. Ó di ọjọ́ kejì kó tó balẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú nǹkan bí 64% beta. Ẹni tó bá lò ó lójú ẹsẹ̀ á rí ìwọ̀n tó kéré láàárọ̀ tó sì ń ga títí di alẹ́, á sì máa rò pé ẹ̀rọ òun ló ń yẹ̀. Glúkóòsì alágolo tí wọ́n ń pò mu sábà máa ń ní fítámì nínú, kò yẹ. Èyí tí mo lò ni omi dextrose 5% tí wọ́n ń fà sára ní ọsibítù; ó ti balẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ ẹ ka ara rẹ̀: bó bá jẹ́ glúkóòsì gbígbẹ ni wọ́n wọ̀n, 278 mM ni, bó bá jẹ́ èyí tó ní omi nínú, 252 mM ni. Ìyàtọ̀ yẹn lé ní 9%. Láti ibẹ̀ mo là á sí 0.1, 0.2, 0.4 àti 0.8 mM.

Ìwọ̀n gan-an

Inú kúfẹ́ẹ̀tì: bọ́fà 1,660 µl, TMB 40 µl, HRP 100 µl, glucose oxidase 100 µl. Mo ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ báyìí, LED ní títàn àti LED ní pípa, kí n tó fi àpẹẹrẹ kún un. Ìyẹn ni òdo kúfẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àpẹẹrẹ 100 µl, a ti là á lẹ́ẹ̀ 20 nìyẹn. Mo fi pípẹ́ẹ̀tì fà á sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dé e, mo tẹ bọ́tìnnì aago. Láti ìgbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má gbá tábìlì.

ESP32 ń tan LED fún ìṣẹ́jú àáyá kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 15. Bó bá pé ìṣẹ́jú 5, ó ka ìmọ́lẹ̀ tó kẹ́yìn. Ní ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 5, ó jí LMP91000, ó sì ka kọ́rẹ́ǹtì ní àáyá 30 lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó pé àáyá 10, kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ ń rí kì í ṣe ti aró nìkan, ti ojú ẹlẹ́kítíróòdù tó ń gba iná ni. Àáyá 30 kò ní ohun ìjìnlẹ̀ nínú, bí kò ṣe pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 30 ní gbogbo ìgbà.

Ìṣirò ìmọ́lẹ̀: ẹ yọ iye tí LED pípa fún yín kúrò lára méjèèjì, ẹ pín òdo pẹ̀lú àpẹẹrẹ, ẹ mú log₁₀ rẹ̀. Ìṣirò kọ́rẹ́ǹtì: ìyàtọ̀ A0 sí ti kúfẹ́ẹ̀tì tí kò ní glúkóòsì, ẹ pín in pẹ̀lú 350,000. Pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù tó wà láàyè, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta glúkóòsì ló yẹ kó ti yí láàárín ìṣẹ́jú 5. Fún 0.4 mM, tó di 20 µM nínú kúfẹ́ẹ̀tì, ẹ máa retí 0.4 sí 0.5 lára ìmọ́lẹ̀ àti bíi 80 nA lára iná, ìyẹn 28 mV. Bí ẹ bá gbé glúkóòsì kọjá 0.8 mM, aró á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé, ìlà yín á tẹ̀. Ẹ là á sí i ni.

Ooru ni ọ̀tá tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ní Abuja, yàrá lè wà ní 24 °C lówùúrọ̀ ọyẹ́, kó sì lé ní 35 °C lọ́sàn-án oṣù kẹta. Ẹ́ńsáìmù á yára gan-an láàárín méjèèjì. Mo fi àpẹẹrẹ àti ìwọ̀n sí wákàtí kan náà. Bí DS18B20 bá ti yí ju 1 °C lọ, mo tún ìwọ̀n ṣe. Eruku ọyẹ́ náà máa ń lẹ̀ mọ́ ojú kúfẹ́ẹ̀tì ike. Ẹ nù ún pẹ̀lú tíṣù tó ní ẹ̀kán omi kan. Ìnùgbẹ lásán á tún fa eruku sí i ni.

Nígbà tí ojú méjèèjì bá ta kora

Mo sọ nọ́ńbà méjèèjì di mM, mo sì fi iná pín ìmọ́lẹ̀. Láàárín 0.9 àti 1.1, mo gbà á. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ga tí iná sì dúró déédéé, omi ló dàrú, tàbí èéhó afẹ́fẹ́ ló lẹ̀ mọ́ ojú kúfẹ́ẹ̀tì, tàbí ìka ọwọ́ ẹnìkan ni. Bí iná bá ga tí ìmọ́lẹ̀ dúró, omi kò tíì sinmi, tàbí kútẹ́ẹ̀sì ti là. Bí iná bá lọ sílẹ̀ níkan, léèdì ti dọ̀tí: aró máa ń lẹ̀ mọ́ káábọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ìwọ̀n márùn-ún, mo ju léèdì nù, torí pé ó ń ná mi dín ju àkókò tí n ó fi fọ̀ ọ́ lọ.

Kunu ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún èyí. Sítáàṣì inú rẹ̀ ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Nígbà tí mo là á lẹ́ẹ̀ 10 péré, ìmọ́lẹ̀ sọ iye tó ga gan-an ju ti iná lọ. Òdo kúfẹ́ẹ̀tì tí a kà ṣáájú kò lè gbà wá níbí, torí pé nínú àpẹẹrẹ ni ìdàrú ti wá. Sítáàṣì náà tún ń rì díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlà àáyá 15 ń fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ fò sókè lójú ẹsẹ̀, ó sì ń wálẹ̀, dípò kó máa gòkè. Aró kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo fi bébà àsẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, mo là á lẹ́ẹ̀ 100, ojú méjèèjì sì pàdé. Ẹ ṣọ́ra: ẹ́ńsáìmù yìí kò mọ ṣúgà funfun lásán tí àwọn ìyá oníkunu ń dà sí i. Glúkóòsì tó jáde lára ọkà fúnra rẹ̀ nìkan ló ń rí.

Zobo, tí wọ́n ń se láti ara isápá pupa, ni mo rò pé ó máa da ìmọ́lẹ̀ láàmú nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pupa rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ 660 nm mì. Ojú méjèèjì fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n sì jọ ṣì. Fítámì C àti àwọn ohun mìíràn tó jọ ọ́ nínú isápá ń yí aró padà sí aláìláwọ̀ bó ṣe ń jáde, iná kò rí i, ìmọ́lẹ̀ kò rí i. Nígbà tí ẹlẹ́rìí méjì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹnìkan, ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n. Ohun tó tú u fó ni ìlà àáyá 15: ó dúró pẹrẹsẹ fún ìgbà díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, nígbà tí ti glúkóòsì lásán ń gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà yanjú rẹ̀ ni àfikún. Mo po zobo tí a ti là, 500 µl, mọ́ glúkóòsì 0.4 mM, 500 µl. Mo tún po zobo kan náà, 500 µl, mọ́ omi, 500 µl. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.2 mM. Nígbà tí mo là zobo lẹ́ẹ̀ 20, kò tó ìdajì rẹ̀ tó jáde. Ní 400, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ìlà pẹrẹsẹ yẹn sì pòórá. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun mímu tí mi ò tíì wọ̀n rí ń gba kúfẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan pẹ̀lú àfikún, ọ̀kan láìsí i, kí n tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀.